Ẹ Fi Ìjókòó Wa Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Lọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alábùradà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ariwo yín ti pọ̀ jù. Ẹni tó kúrò nínú PDP ń pe ẹni tó kù ní òmùgọ̀ tó ń ṣọ́ ilé àwókù. Ẹni tó kù ń pe ẹni tó lọ ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹ ń bú ara yín láti Mafolúkù dé Òkòta, kò sì sí ẹnìkan nínú yín tó bi olùdìbò léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ta ló dà ọ́?"

Ẹ ti gbàgbé 2015 ni? Èkó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń pe ara wọn ní onítẹ̀síwájú, síbẹ̀ PDP gba ìjókòó mẹ́jọ nínú ogójì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Jude Idimogu wọlé láti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ Kejì. Tony Nwulu gba ti Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá láti ẹkùn kan náà. Àwọn tó tẹ̀ka fún wọn mọ ohun tí wọ́n ń wá: ẹni tí kò jẹ gómìnà ní gbèsè. Kí sáà náà tó parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ ti sọdá sí APC. Idimogu wà lára wọn, APC ló sì fi padà wọlé ní 2019. Nwulu ṣe iṣẹ́ gidi. Òun ló gbé àbá òfin tó dín ọjọ́ orí olùdíje kù wá sílé, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2018. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n òun náà já PDP sílẹ̀ lọ sí UPP, ó lọ ń du ipò gómìnà ní Ìmò.

Ẹ óò sọ pé ìdàgbàsókè lẹ bá lọ. Irọ́ ni. Ní oṣù kìíní 2016, ìjọba Èkó wó ọjà Owónífáàrí ní Òṣòdì. Lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ta ni ìyá ọlọ́jà yóò ké sí? Ṣé ẹni tó ń bá ìjọba jẹun ni yóò ko ìjọba lójú?

Ìbò dà bí owó àjọ. Iṣẹ́ lè sú alájọ, ó sì lè kó lọ sí àdúgbò mìíràn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dá owó olówó padà kó tó dìde. Òfin náà wí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé òfin 1999, abala 68 fún àwọn ti Àbújá, abala 109 fún àwọn ti ìpínlẹ̀: ẹni tó bá já ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ kí sáà tó pé yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tó bá dàpọ̀ mọ́ òmíràn. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Ifẹ́dayọ̀ Abégúndé ará Àkúrẹ́, tó kúrò ní Labour lọ sí ACN: ìjà inú ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe ìpínyà ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n olórí ilé aṣòfin ló gbọ́dọ̀ kéde pé àyè ti ṣófo. Bó bá jẹ́ inú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni alásọdá ń bọ̀, ta ni yóò kéde?

Ẹ̀yin tí ẹ kù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Jíjókòó sílé kọ́ ni ìṣòótọ́. Jandor wá bá yín láti APC ní 2022, ẹ fà á kalẹ̀ fún gómìnà. Ìbò 62,449 ló rí ní 2023. Gbadebo Rhodes-Vivour ti Labour rí 312,329. Jandor fẹ̀sùn kan àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ṣiṣẹ́ fún. Ní 2025, òun náà padà sí APC. Èmi kò dá ẹjọ́ ta ló jẹ̀bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́sàn-án, tó ń polongo fún ọ̀tá rẹ̀ lóru, burú ju ẹni tó kọ̀wé pé òun ti lọ. Ikú ilé ní ń pani, tòde ò lè pani.

Ìjà inú ẹgbẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí yín. Nígbà tí Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ̀ yapa ní 1962, ó di ká máa sọ àga lu ara wa nílé aṣòfin Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn olóṣèlú jà. Ará ìlú ló jìyà rẹ̀.

Òṣòdì-Ìsọlọ̀ Kejì ti fún yín lésì tẹ́lẹ̀. Ní 2023, wọ́n gbé ìjókòó Àbújá fún Okey-Joe Onuakalusi ti Labour. APC tí ẹ sá lọ bá pàdánù rẹ̀, PDP tí ẹ ń ṣọ́ kò sì rí i gbà.

Nítorí náà, kí 2027 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, kí INEC tún ìbò dì, kó wá du ún lábẹ́ àsíá tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ yan olùdíje ní gbangba, kó sì ṣiṣẹ́ fún un. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ yé kan ilẹ̀kùn wa.