Ta Ni À Ń Pè Ní "Decisive"?

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbà tí a bá fẹ́ yan olórí, ìbáà ṣe nínú ìjọ tàbí níbi iṣẹ́. A ó ní ẹni tí ó jẹ́ "decisive" ni a ń wá. Lójú ẹlòmíràn, òǹrorò ni èyí, ẹni tí ń pàṣẹ tí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Inú èdè Látìn ni ó ti wá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni kí a gé nǹkan kúrò. Ẹni tí ó dé oríta tí ó sì mú ọ̀nà kan, ó ti gé èkejì kúrò. Tiwa náà kò jìnnà sí i: ẹ wo bí "ìpinnu" ti sún mọ́ "òpin".

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó fún ènìyàn tí kì í fi ìpinnu falẹ̀. Wọ́n sì tún ń lò ó fún ohun tí ó parí ọ̀ràn pátápátá, bí ogun tí a jà tí kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ìpinnu kan lè jẹ́ decisive kí ó má sì bọ́gbọ́n mu. Rehoboamu gba ọjọ́ mẹ́ta láti ronú. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, ó sì mú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn líle tí ó fọ̀ parí ọ̀ràn lóòótọ́: ẹ̀yà mẹ́wàá ya kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì padà mọ́ (1 Ọba 12).

Ṣùgbọ́n iyèméjì ni ó pọ̀ jù láàárín wa. Lórí òkè Kámẹ́lì, ọ̀rọ̀ Hébérù tí Èlíjà lò fún un ni títiro, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a tún lò, ní ìwọ̀nba ẹsẹ díẹ̀ sí i, fún bí àwọn wòlíì Báálì ti ń fò yí pẹpẹ wọn ká.

Kì í ṣe gbogbo ìdúró ni iyèméjì o. Ẹni tí ń gbàdúrà, tí ó sì ń bi dókítà àti ẹbí léèrè kí ó tó buwọ́ lùwé iṣẹ́ abẹ, ojúṣe rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó ti sún ọ̀rọ̀ kan síwájú nígbà mẹ́fà ńkọ́, tí gbogbo wọn mọ òtítọ́, tí wọn kò kàn fẹ́ ṣẹ olówó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe èyí ní sùúrù.

Fẹ́líksì gómìnà gbọ́ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù, ẹ̀rù bà á, ó ní kí ó máa lọ ná, òun yóò ránṣẹ́ pè é nígbà tí ààyè bá yọ. Ó sì ń ránṣẹ́ pè é lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ó ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjì kọjá báyìí. Nígbà tí Fẹ́sítù wá gba ipò Fẹ́líksì, inú ìdè ni ó bá Pọ́ọ̀lù.