Ọmọ Tí Oríkèé Rẹ̀ Rọ̀

Bí ọmọ bá lè tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ títí yóò fi kan apá, ẹ má bẹ̀rù: okùn tí ó so eegun pọ̀ ni ó rọ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 1994 fi hàn pé nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìgbò-Ọrà, Nàìjíríà, 43 nínú 100 ni oríkèé wọn rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ń dun ọmọ lemọ́lemọ́, tàbí tí ó ń yẹ̀, a bẹ̀ yín, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oríkèé bá wú, tí ibà sì mú ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó lọ.