Ẹ Má Tíì Yí Sáfà Wa Sí BBR

Ní Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹnu ò kò nínú ìpàdé ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní kí a yí ìlànà tí sáfà wa fi ń fi fídíò ránṣẹ́ kúrò ní CUBIC, kí a gbé e sí BBR, torí pé BBR yá ju CUBIC lọ. Àwọn yòókù ní kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé, ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la máa dìbò. Èmi wà lára àwọn tó ní kí a dúró ná, mo sì ní ìdí tèmi, àmọ́ aago lù kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí. Ohun tó gbé mi dé orí ògiri yìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá kọ̀ǹpútà ló kàn, àgàgà àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní SS3.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Tiwa wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ wa ló ń san owó rẹ̀. Orí rẹ̀ ni fídíò ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ìbéèrè WAEC àtijọ́ wà. Tí o bá ti wo fídíò Físíìsì lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú omi, o ti jẹ nínú rẹ̀. Fídíò yẹn kì í wá lódindi. Sáfà máa ń gé e sí ìdì kéékèèké, ìdì kan kì í sábà ju báìtì 1,500 lọ, á wá máa fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti Lọ́ńdọ̀nù tó wà, kò lè rí ojú ọ̀nà. Kò mọ̀ bóyá ọ̀nà fẹ̀ àbí ó há, kò mọ̀ bóyá èèyàn mẹ́wàá mìíràn ló ń lò ó. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ni èsì tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wa ń dá padà pé "mo ti gba eléyìí". Inú èsì yẹn ló ti gbọ́dọ̀ mọ iye ìdì tó yẹ kó wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpinnu yìí ni wọ́n ń pè ní congestion control. CUBIC jẹ́ ọ̀nà kan láti ṣe é, BBR jẹ́ òmíràn. Ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ ló ń yàn án, ẹni tó ń gbà á kò lẹ́nu níbẹ̀. Nítorí náà, tí a bá dìbò lọ́jọ́ Ọjọ́rú, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ la dìbò fún, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Kí irú ìlànà yìí tó wà, íntánẹ́ẹ̀tì ti dákú rí. Oṣù Kẹwàá ọdún 1986 ni, ní Kalifóníà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín yàrá ìwádìí Lawrence Berkeley Laboratory àti Yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Berkeley. Ibi méjèèjì kò jìnnà síra ju nǹkan bíi yáàdì 400 lọ, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀nà tó ń gbé bíìtì 32,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan wá lọ sílẹ̀ dórí bíìtì 40. Ogójì péré! Wáyà kankan kò já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí ìdì rẹ̀ bá sọnù nínú èrò á tún un fi ránṣẹ́, á tún un fi ránṣẹ́, ìyẹn á sì fi kún èrò tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ń fún fèrè, ẹnikẹ́ni ò fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti jókòó sínú dánfó ní Agége Mótò Róòdù nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kò nílò kí n ṣàlàyé síwájú sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Van Jacobson àti Michael Karels ló wá ojútùú sí i, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1988. Kó o bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o máa fi kún un bí èsì bá ṣe ń padà wá. Tí ìdì kan bá sọnù, kó o gbà pé ọ̀nà ti kún, kó o sì dín tìrẹ kù sí ìdajì. Kò sí LASTMA lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa mú ẹni tó bá kọ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń dá ara rẹ̀ dúró, torí pé àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

A ti rí àǹfààní rẹ̀ níbí. Ní Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Àbíjáànì: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. JSS3 ni mo wà nígbà yẹn. Ńṣe ni gbogbo nǹkan ń wọ́ bí ìgbín, káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èrò okùn mẹ́rin wá rọ́ sórí àwọn tó ṣẹ́kù, irú bí Equiano tó ti gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Nínú ọ̀nà tó há bẹ́ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bá kọ̀ tí kò fà sẹ́yìn, ti 1986 la máa tún rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn méjèèjì tó ń dá ìjà sílẹ̀. CUBIC wá láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina, òun sì ni Linux ń lò láti 2006 tí o kò bá yí i padà. Windows àti kọ̀ǹpútà Apple náà ti ń lò ó. Tí ìdì bá sọnù, kì í já a sí ìdajì. Á sọ̀ kalẹ̀ sórí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà á sáré gòkè, á rọra rìn tó bá súnmọ́ ibi tó ti kọsẹ̀ níjọ́sí, tí kò bá sí wàhálà níbẹ̀ á tún wá sáré.

Mo gbà fún àwọn ará BBR níbi tí òótọ́ wọn wà. CUBIC kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà tó kún àti néwọ́ọ̀kì tó ń ṣe ségesège. Tó o bá wà nínú yàrá ẹ̀yìn nílé ní Ọ̀rìlé Agége, tí ìdì kan bọ́ lójú afẹ́fẹ́, CUBIC á rò pé èrò ló dé, á sì fà sẹ́yìn lórí asán. Àlọ àti àbọ̀ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà kó tó gòkè padà ó máa ń pẹ́. Àwọn èèyàn Google gbé BBR jáde ní 2016 (Van Jacobson kan náà wà lára wọn, bàbá yẹn ò mọ ìsinmi). BBR kì í dúró kí ìdì sọnù. Ó máa ń wo bí nǹkan ṣe ń yára dé sí lódì kejì, á wo àlọ àti àbọ̀ tó kúrú jù tó ti rí, á fi méjèèjì mọ ìwọ̀n ọ̀nà, á sì máa rìn ní ìwọ̀n yẹn. Wọ́n ti lò ó lórí YouTube. Ìdì kan méjì tó sọnù kì í dẹ́rù bà á.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn yòókù fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti fà sẹ́yìn, BBR kì í kà á sí. Ní 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Carnegie Mellon tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé ìsopọ̀ BBR kan ṣoṣo lè gba tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, kódà tí ìsopọ̀ 16 tó ń lo CUBIC tàbí Reno bá jọ wà níbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àwọn mẹ́tàdínlógún ni. Tí wọ́n bá pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan á rí nǹkan bí ìdá mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá ti gbé ogójì lọ, ọgọ́ta tó kù làwọn mẹ́rìndínlógún máa pín, ìdá mẹ́rin ò sì ní pé lọ́wọ́ ẹnì kankan. BBR ti ẹ̀yìn ọ̀la ti jáde láti tún èyí ṣe, àmọ́ èyí tó wà lórí sáfà wa ni ti àkọ́kọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo màmá tó ń ta búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì wa nígbà ìsinmi. Gbogbo wa ń na owó síwájú. Tí wọ́n bá fo ọwọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, wàá sún sẹ́yìn díẹ̀ kó o má baà da abọ́ nù. Ká wá ní ẹnì kan dé pẹ̀lú ìwé tí gbogbo kíláàsì kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sí. Ó ti wo bí màmá ṣe ń yára bù ú, bí wọ́n bá sì ṣe ń bù ú lòun náà ń gbé abọ́ síwájú, wọn ìbáà fo òun wọn ìbáà má fo òun. Kò jalè o. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwọ tó fẹ́ ra ti igba náírà á padà sí kíláàsì pẹ̀lú ebi.

Nínú yàrá kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ogún ló ń lo ìlà íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n SS3 ń fi ìbéèrè JAMB dánra wò, àwọn ọmọ JSS2 mẹ́rin sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń gba fídíò. Láti 2015 kò sí ìwé àti pẹ́ńsù mọ́ nínú ìdánwò UTME, kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀, nítorí náà ìdánrawò yẹn kì í ṣe eré. Ẹ̀gbọ́n kan tẹ ìbéèrè kejìlá, ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, aago sì ń ka ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí ìbéèrè máa yọjú, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé orí. Ẹ sì rántí pé CUBIC ni sáfà wa ń lò lọ́jọ́ yẹn o! Mo fi ping, àṣẹ kékeré tó ń wọn àlọ àti àbọ̀, yẹ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù wò lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ: 108 ni, nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Mo wá gba fídíò kan ṣoṣo, ó fò lọ sí 640. Èyí túmọ̀ sí pé ìdì ń tò pelemọ lórí ìlà níwájú ráútà. Ẹni tó bá ní BBR máa dín ìtò yẹn kù kò purọ́, tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Ìgbà wo ló wá ń dá wà nínú yàrá yẹn?

Ti ilé yàtọ̀, ibí yìí ni mo ti kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan rárá. Òpó néwọ́ọ̀kì fóònù sábà máa ń ya ìlà fóònù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Tí BBR bá ń ti fídíò sórí fóònù mi nílé, ìlà tèmi ló ń kún, kì í ṣe ti aládùúgbò. Àwọn tó ń gbé níbi tí néwọ́ọ̀kì ti ń já, tí wọ́n sì ń fi owó ara wọn ra dátà, ló máa jàǹfààní rẹ̀ jù. Wọ́n pọ̀ nínú wa, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ la wà, ilé la ti ń ka ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ ká dìbò fún nìyí. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá yẹn tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀dà gbogbo fídíò sórí rẹ̀, kí àwọn tó wà nínú yàrá máa gbà á níbẹ̀. Kò sí ìdí tí fídíò tí olùkọ́ wa ṣe ní Aláúsá fi máa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wá bá ọmọ JSS2 tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ náà. IXPN tó ń so àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ níbí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gbogbo Nàìjíríà, kí ọ̀rọ̀ ilé má baà máa gba òkun kọjá. Èkejì, kí a tan fq_codel lórí ráútà, kí a sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀ sí ti ìlà wa, kí ìlà má baà máa tò sí ibi tí ọwọ́ wa ò tó. Òun ló máa ń bu ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀ọ̀kan, kì í sì í jẹ́ kí ìdì pẹ́ jù lórí ìlà. Ká ní màmá oníbúrẹ́dì lè ṣe bẹ́ẹ̀! Lẹ́yìn náà ká wọn ping lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí SS3 bá ń ṣe ìdánrawò. Tí nọ́ńbà bá dára, èmi fúnra mi máa tẹ àṣẹ tó máa gbé sáfà sí BBR, ìlà kan ṣoṣo ni, kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a nílò ìyọ̀ǹda yín láti lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, àti kí wọ́n má pa iná ẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, torí alẹ́ ló máa gba ẹ̀dà fídíò láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn nọ́ńbà tí mo wọ̀n wà nínú ìwé kan lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè béèrè rẹ̀ kó tó di Ọjọ́rú, tàbí kó wá bá mi wọ̀n ọ́n lẹ́yìn aago méjì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí.