Irun Wo ni ó Yẹ Ẹni tí ń Lo Awò Ojú?

Lẹ́tà kan tí ó dé ọwọ́ mi láti Abẹ́òkúta kò jẹ́ kí n tètè sùn. Ìyá kan ni ó kọ ọ́. Dókítà ojú ti ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 16, máa lo awò, nítorí kò ríran jìnnà. Wọ́n ra awò náà, ọmọ sì ń fi í pamọ́ sínú àpò ìwé. Ó ní kò bá irun òun mu, ó ń sọ òun di ìyá àgbà. Ní oṣù tí ó kọjá, bí ó ti ń sọdá títì ní Láfẹ́nwá, díẹ̀ ni ó kù kí alùpùpù kọ lù ú. Ìyá ń béèrè bóyá kí òun nà án.

Rárá o, ìyá wa. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ onídìrí, kí ó sì mú awò náà dání. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í: a ó fi awò sílé, a ó ṣe irun tán, a ó wá máa wá ibi tí apá awò yóò gbà.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ẹ̀yìn orí ni ó ti ya púpọ̀ nínú wọn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ onídìrí ti ń hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo awò, iwájú àti ẹ̀bá etí ni kí ó kọ́kọ́ rò.

Ẹ wo òjòkòpetí. Irun tí ó bo etí kí òjò má baà pa á, kò fi àyè sílẹ̀ fún apá awò. Awò yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bákan náà ni irun òwú tí a kó nípọn sí ẹ̀bátí. Bí ojú ọmọ yín bá ṣe róbótó, ṣùkú ni kí ó dì. Awò máa ń fa ìlà sí agbedeméjì ojú, ojú a sì dà bí ẹni pé ó kúrú. Ṣùkú tí ó jókòó sí àtàrí yóò gbé e ga, etí yóò sì wà ní gbangba. Bí ojú bá gùn, kòlẹ́sẹ̀ tí ó lọ sí ìpàkọ́ ni ó dára. Bí ilé ìwé rẹ̀ bá ń yan irun ọ̀sẹ̀ fún wọn, ẹ ṣáà bẹ onídìrí kí ó má kó irun jọ sí ẹ̀bá etí.

Kí ó má sì fa irun ẹ̀bátí le! Irun ibẹ̀ kò lágbára. Bí a bá ń fà á ní gbogbo ìgbà, yóò máa re, apá awò tí ń ra á yóò sì dá kún un. Mo ti rí obìnrin tí kò tíì pé 30 ọdún tí iwájú orí rẹ̀ ti ṣí bí ti bàbá àgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wé gèlè lọ sí òde ní Aké, ẹ jẹ́ kí ó wà lókè etí. Bí ó bá tẹ apá awò mọ́ orí, orí fífọ́ ni ẹ óò gbé bọ̀ wálé.

Ní ti pé awò ń sọ ni di arúgbó, ẹ fa náírà 100 yọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ni ó wà lára rẹ̀ láti 1999. Awò róbótó àti fìlà rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀, wọn kò sì bá ara wọn jà. Ọmọ yín lè fèsì pé bàbá àgbà náà ni yẹn. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Nígbà tí onídìrí bá parí, kí ó gbé awò sójú kí ó tó wo dígí ara ògiri. Ó lè jẹ́ pé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò tíì rí irun ara rẹ̀ dáadáa. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí n gbọ́ ohun tí ó sọ.