Eré Tí Ó Yé Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n

Bí a bá gbọ́ pé eré ń bẹ níbì kan, ẹ̀rín ni a máa ń múra láti lọ rín. Ṣùgbọ́n eré kan ń bẹ tí ó lé àwọn ẹlẹ́rìn-ín sílé.

Samuel Beckett, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó kọ ọ́. Waiting for Godot ni orúkọ rẹ̀. Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní January 1953. Ọkùnrin méjì tí kò nílé tí kò lọ́nà dúró lẹ́bàá igi kan, wọ́n ń retí ẹnì kan tí ń jẹ́ Godot. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọmọdé kan wá jíṣẹ́ pé ọ̀gá òun kò lè wá lónìí, ṣùgbọ́n yóò wá lọ́la dandan. Ọ̀la dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Godot kò wá títí eré fi parí.

Ní January 1956, wọ́n ṣe é ní Miami ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì polówó rẹ̀ bí eré apanilẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó wá ṣe fàájì kò rí ohun tí wọ́n wá. Kí eré tó parí, ọ̀pọ̀ wọn ti gba ilé lọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù November 1957, àwọn òṣèré kan láti San Francisco gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin, níwájú nǹkan bí 1,400 ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀rù ń ba àwọn òṣèré. Ìwé ìròyìn tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ń kọ sọ pé àwọn mẹ́ta kan ti pinnu láti yọ́ jáde bí iná bá ti kú. Wọ́n tẹ́tí díẹ̀, wọn kò sì lè dìde mọ́. Rick Cluchey, ẹlẹ́wọ̀n gbére, kò rí ààyè jáde; inú yàrá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ láti ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nígbà tí ó ṣe, òun náà di òṣèré, ó sì bá Beckett ṣiṣẹ́.

Kí ló fà á? Ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀. Ẹni tí ń retí lẹ́tà tí kò dé kò fẹ́ ògbufọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ògiri ẹ̀wọ̀n nìkan kọ́ ni ó ń yà ènìyàn sọ́tọ̀. Ìyá àgbà kan lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárín èrò, kí a máa wí fún un lójoojúmọ́ pé, “Ọmọ yín ń bọ̀ lọ́la.” Bí a bá mọ̀ pé a kò ní lọ, kí a má rán ọmọdé pé ó di ọ̀la. Bí a bá sì ti ṣèlérí, kí a dìde nísinsìnyí, kí a lọ.