Fíìmù Àjẹ́ Kì í Ṣe Ẹ̀rí



Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Fíìmù náà ni End of the Wicked, tí Helen Ukpabio, oníwàásù ní Calabar níbí, gbé jáde ní 1999. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń wò ó lórí fóònù. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń lọ sípàdé àjẹ́ lóru, wọ́n ń jẹ ẹran èèyàn.

Àwọn kan ní òótọ́ ni fíìmù náà ń sọ, ó ń lani lójú. Àwọn mìíràn ní eré lásán ni, bíi Kòtò Ọ̀run tí Yẹ́kínì Àjíléye ṣe, tó dẹ́rù bà wá nígbà náà, tílẹ̀ sì mọ́. Ni ìyá kan bá dìde, ó ń sunkún. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti wo fíìmù náà nílé òun ni wọ́n ti ń fura sí ọmọ ọ̀dọ̀ òun, nítorí pé ó máa ń tọ̀ọ́lé. Wọn kò jẹ́ kó bá àwọn ọmọ yòókù jẹun mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú fíìmù Yorùbá, àgbà obìnrin ni wọ́n sábà máa ń pè ní àjẹ́, èyí náà sì ti kó bá ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó wà lọ́dọ̀ ẹni, ta ni yóò gbà á sílẹ̀? Bí a bá fi ebi àti pàṣán bi í léèrè, kò sí ohun tí kò ní jẹ́wọ́.

Òwe wa ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe ni o, kì í ṣe ẹ̀rí. Ibà ń pa ọmọ. Ọjà a sì máa kùtà láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní 2008, tẹlifíṣàn Channel 4 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn ọmọ tí wọ́n lé síta ní Akwa Ibom nítorí ẹ̀sùn àjẹ́ han gbogbo ayé. Lọ́dún náà ni ìpínlẹ̀ ọ̀hún ṣòfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Kódà, abala 210 nínú Criminal Code ti wà tipẹ́: ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè fẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àlejò lòun.

Ọmọ yẹn ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó akọ̀wé wa báyìí, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, a sì ti ránṣẹ́ sáwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ là á rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, ẹ̀yin èèyàn wa. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ wá bá wa kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan ọmọ náà.