ÀJÀ OJÚ Ọ̀RUN

Ní ìsinmi tó kọjá, bàbá àgbà mi bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní kí ló dé tí asọ̀rọ̀mágbèsì àwọn fi ń gbé ohùn ìlú òkèèrè wá bí ariwo Ìdúmọ̀tà bá ti rọlẹ̀ lóru, tí ojú bá sì mọ́ tán, tí gbogbo rẹ̀ á pòórá? Èmi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ẹnu mi wọhò. Mo mọ èsì rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. N kò rí i sọ lédè baba mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ èsì náà. Láti bíi 60 kìlómítà sókè ni oòrùn ti ń já ẹ̀lẹ́kítíróònù kúrò lára afẹ́fẹ́, tí ibẹ̀ fi dà bí àjà ilé: ohùn rédíò á kọlù ú, á padà sílẹ̀. Lọ́sàn-án, apá ìsàlẹ̀ àjà náà a máa gbé ohùn mì. Bí oòrùn bá wọ̀, apá yẹn á túká, ohùn á ráyè dé òkè. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wọn àjà yìí láti àwọn ọdún 1950. Lédè wo ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn.

Àwọn òṣùpá mìíràn náà ní in. Ní 1973, ọkọ̀ Pioneer 10 rí ti Io, òṣùpá Júpítà. Ti Titan, òṣùpá Sátọ̀n, ló dùn mọ́ mi jù. Láàárín 2004 sí 2017, Cassini kọjá lára rẹ̀ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, ó tilẹ̀ wọ inú àjà náà, ó ń ka ẹ̀lẹ́kítíróònù rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sì fi ìṣirò ya àwòrán rẹ̀: iye tí oòrùn ń já, iye tó ń padà so pọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e ti ohun tí ọkọ̀ kà, lápá ibi tí oòrùn ń ràn sí, ti ìṣirò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì! Wọn kò bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ń wá ibi tí àṣìṣe wà.

Àwọn kan á ní kí ló kan Yorùbá níbẹ̀. Èmi kò gbà. Ìwé Èdè-Ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ta ló ní kí á dúró síbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní pákó ni wọ́n fi ń ṣe àjà, pé èyí kò ní pákó. Òótọ́ ni. Kí ó mú tirẹ̀ wá, kí a tẹ òun náà jáde.

Mo padà lọ ṣàlàyé fún bàbá àgbà. Wọ́n ní, “Àjà tó ń gbé ohùn mì, ta ló kàn án?” Mo ní oòrùn ni.